Wọ́n Sọ Owó Igbó fún Wa, Wọn Ò Sọ Òfin Rẹ̀

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ń tà. Ní ọdún 2022, nígbà tí mo wà ní JSS2, àwọn agbófinró mú ọmọ wọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọmọ ọdún 19 ni. Igbó díẹ̀ tí a fi bébà wé, ẹyọ kan ṣoṣo, ni wọ́n bá ní àpò rẹ̀. Kí ẹjọ́ náà tó parí, Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ta fíríìjì wọn, wọ́n ti ta ẹ̀rọ ìlọta wọn, wọ́n sì ti jẹ gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Nígbà tí ìbò ọdún 2023 kù díẹ̀, ọkùnrin kan tí ó ń díje láti lọ ṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá wá polongo ìbò ní ẹ̀gbẹ́ ọjà wa. Ó ṣèlérí títì, ó ṣèlérí omi, ó ṣèlérí tiransífọ́mà. Nígbà tí ó ní kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè sọ̀rọ̀, Ìyá Ẹlẹ́kọ dìde. Wọ́n ní: "Onórébù, ẹ jọ̀wọ́ sà, tí ẹ bá dé Àbújá, kí lẹ máa ṣe sí òfin tó gbé ọmọ mi lọ nítorí igbó kékeré?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ó máa rántí ọmọ náà nínú àdúrà." Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yí orin sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìrẹsì. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí nísinsìnyí bí mo bá rántí.

Ìbéèrè ìyá yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àròkọ mi. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe òfin igbó yẹ̀ wò, ní ilẹ̀ wa àti ní ilẹ̀ òkèèrè, kí n lè mọ̀ bóyá ẹnìkan nínú wọn dáhùn ohun tí Ìyá Ẹlẹ́kọ béèrè. Kí ó tó di pé olùkọ́ tàbí òbí kan yọ ojú sí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé èmi kì í mu igbó, n kò sì kọ àròkọ yìí láti gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó mu ún. Àwọn oníṣègùn sọ pé ọpọlọ ọ̀dọ́ ṣì ń dàgbà títí di ìgbà tí ó bá tó ọmọ ọdún 25, àti pé ẹni tí ó bá ti kékeré bẹ̀rẹ̀ igbó wà nínú ewu àrùn ọpọlọ ju ẹni tí kò mu ún lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni pé nǹkan kò dára, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó yẹ kí òfin ṣe fún ẹni tí ó ṣe é.

Kí ni òfin wa sọ? Ní ọdún 1966, ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbin igbó yóò kú tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Wọ́n dín ìjìyà náà kù ní ọdún 1975. Nígbà tí ó di ọdún 1989, ìjọba ológun mìíràn dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Òfin tí ó dá a sílẹ̀ sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni ti ẹni tí wọ́n bá ká kokéènì, hẹroíìnì tàbí oògùn tí ó jọ wọ́n mọ́ lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé àwọn adájọ́ sábà máa ń ṣàánú, tí wọ́n á dá ẹ̀wọ̀n kékeré tàbí owó ìtanràn fún onígbó. Ṣùgbọ́n àánú adájọ́ kì í ṣe òfin. Ó lè wà lónìí, kí ó má sí lọ́la.

Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró bá ìjọba wa ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019. Wọ́n rí i pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 10.6, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 64, ló lo igbó láàrin ọdún kan ní Nàìjíríà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wo ló lè gba mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn? Kò sí. Nítorí náà, òfin yìí kò lè mú gbogbo ẹni tí ó ń mu igbó. Àwọn díẹ̀ ni yóò mú, àwọn díẹ̀ náà kì í sì í sábà jẹ́ ọmọ olówó. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ohun tí àwọn olóṣèlú wí. Ọmọ́yẹlé Ṣówòrẹ́, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, díje fún ipò ààrẹ ní ọdún 2019 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú AAC. Kò fi ọ̀rọ̀ igbó pamọ́. Ó ní igbó tí wọ́n ń gbìn ní Èkìtì wà lára èyí tí ó dára jù ní àgbáyé, pé ó yẹ kí Nàìjíríà máa tà á sí ilẹ̀ òkèèrè, àti pé kí àjọ NDLEA yé lé àwọn tí ń gbìn ín kiri. Mo yìn ín fún ìgboyà rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ olùdíje kì í fẹ́ dá ọ̀rọ̀ tí yóò bí pásítọ̀ tàbí àáfà nínú sílẹ̀, ó ṣòro kí ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Mo sì tún yìn ín pé ó rántí àgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa. Owó ni òpó tí ó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Nítorí pé igbó lè mú owó wọlé, ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ sílẹ̀. Bí owó bá jẹ́ ìdí tí a fi fẹ́ yí òfin padà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí owó náà kò bá wọlé mọ́? Ẹni tí ó ní igbó ẹyọ kan ní àpò kò ní ohun kan tí yóò tà sí ilẹ̀ òkèèrè. Nínú ọ̀rọ̀ nípa ọjà, kò sí ààyè fún un. Ìbò 33,953 ni Ṣówòrẹ́ rí nínú ìdìbò náà. N kò ní sọ pé igbó ló mú kí ìbò rẹ̀ kéré, nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré, kò sì ní owó bíi ti àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ igbó nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nínú gbogbo ìpolongo rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹnì kejì ni olóògbé Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Agbẹjọ́rò àgbà ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, òun àti ọ̀gá àgbà àjọ NDLEA nígbà náà lọ sí orílẹ̀-èdè Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn ìwòsàn. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé igbó pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti pé ọjà igbó tí òfin fọwọ́ sí yóò tó dọ́là bílíọ̀nù 145 ní ọdún 2025, nítorí náà a ó kan máa rẹ́ ara wa jẹ ni bí a kò bá bá wọn ná an. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó díje lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ Akérédolú tòrò ju ti Ṣówòrẹ́ lọ nítorí pé ó ya igbó ìwòsàn sọ́tọ̀ kúrò lára igbó tí wọ́n ń mu ní kọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí gbogbo olùdíje máa ṣe é. Síbẹ̀, àléébù méjì ni mo rí. Èkíní, dọ́là náà ni a tún gbọ́, a kò gbọ́ orúkọ àgbẹ̀. Ta ni yóò gba ìwé àṣẹ? Ṣé àgbẹ̀ tí ó ní àdá àti ọkọ́ ni, àbí ilé iṣẹ́ tí ó ní agbẹjọ́rò àti owó báńkì? Bí a bá sọ igbó di òwò ọlọ́lá, tí ọmọ tálákà sì tún ń ṣẹ̀wọ̀n nítorí ewé kan náà, ibi tí a ń sá fún ni a sá bọ̀. Èkejì, gómìnà kò ní agbára láti yí òfin náà padà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi oògùn àti májèlé sí ara àwọn nǹkan tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí n ó padà sí orí rẹ̀. Ọdún 2025 tí gómìnà dárúkọ ti dé, òfin wa sì wà níbi tí ó wà.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn tí wọ́n lòdì sí àtúnṣe. Ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Buba Marwa tí ó di ọ̀gá àgbà NDLEA ní ọdún 2021 kì í ṣe olùdíje, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olóṣèlú tí wọ́n lòdì sí i ń gbà sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn tí ń lo igbó ní ilẹ̀ wa ti pọ̀ jù, pé oògùn olóró ló ń fún àwọn ajínigbé àti jàǹdùkú ní láyà, àti pé a kò tíì ní agbára láti ṣọ́ ohun tí a bá tú sílẹ̀. Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí igbó sọ di ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì kò ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kò dáhùn Ìyá Ẹlẹ́kọ. Láti ọdún 1966 ni òfin líle ti wà, mílíọ̀nù 10.6 sì ni a kà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òfin dúró bí ó ti wà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó rò pé ẹ̀wọ̀n ti ṣe fún wa láti ìgbà náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Kenya, George Wajackoyah, tí òun náà jẹ́ agbẹjọ́rò, díje fún ipò ààrẹ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Ó ṣèlérí pé owó igbó ni òun yóò fi san gbèsè tí Kenya jẹ. Ó tún ní àwọn yóò máa sin ejò, àwọn yóò sì máa ta nǹkan ọmọkùnrin ìkookò fún àwọn ará Ṣáínà. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n jó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, kò rí tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀bi rẹ̀ tí mo rí kì í ṣe pé ó pàdánù. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó kó ọ̀rọ̀ òfin tí ó ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ejò àti ìkookò. Ẹni tí ó bá tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Thailand tí Akérédolú lọ ni ibi tí olùdíje ti ṣèlérí, tí ó sì mú un ṣẹ. Nínú ìbò oṣù Kẹta ọdún 2019, ẹgbẹ́ òṣèlú Anutin Charnvirakul ṣèlérí pé ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò lè gbin igbó igi mẹ́fà. Ó di mínísítà ètò ìlera. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n yọ igbó kúrò nínú ìwé oògùn olóró. Wọ́n sì tú àwọn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí ẹ̀sùn igbó gbé dé ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, èyí nìkan ló sún mọ́ ìdáhùn tí Ìyá Ẹlẹ́kọ ń wá.

Ṣùgbọ́n Anutin pẹ̀lú ní àṣìṣe tirẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n tó kan géètì. Àṣẹ mínísítà ni wọ́n fi yọ igbó kúrò nínú ìwé, òfin tí ó yẹ kí ó sọ ẹni tí yóò tà á, ẹni tí yóò rà á àti ibi tí wọ́n ti lè mu ún kò sì kọjá ní ilé aṣòfin wọn. Ìsọ̀ igbó yọ káàkiri bí olú ìgbà òjò. Àwọn òbí pariwo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba tún padà sọ pé ẹni tí kò bá ní ìwé dókítà kò gbọ́dọ̀ rà á mọ́. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi lọ, tí wọ́n fi bọ̀. Ìlérí tí kò ní òfin lẹ́yìn dà bí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀.

Àwọn ará Gánà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún 2020, ilé aṣòfin wọn fi ìlà kan sínú òfin tí ó fún ìjọba láyè láti fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti gbin igbó tí kò lágbára, fún oògùn àti fún ṣíṣe nǹkan ní ilé iṣẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ wọn fagi lé ìlà náà, nítorí pé àwọn aṣòfin kò jíròrò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2023, àwọn aṣòfin tún un gbé wá, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé ilé ẹjọ́ kò sọ pé igbó dára tàbí pé kò dára. Ohun tí ó sọ fún àwọn aṣòfin ni pé kí wọ́n lọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ojú gbogbo ènìyàn. Ohun tí èmi náà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùdíje wa nìyẹn.

Ní ọdún 2027, màá pé ọmọ ọdún 18, màá sì gba káàdì ìdìbò mi. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún olùdíje tí ó bá wá bá wa ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Èkíní: ẹni tí wọ́n bá ká igbó kékeré mọ́ lọ́wọ́, ṣé ẹ̀wọ̀n ni ẹ fẹ́ kí ó lọ, àbí owó ìtanràn ni, àbí ilé ìwòsàn? Ìkejì: bí ẹ bá fẹ́ kí a máa gbin ín fún oògùn, báwo ni àgbẹ̀ kékeré yóò ṣe rí ìwé àṣẹ gbà? Ìkẹta: kí ni ẹ ó ṣe kí ó má baà dé ọwọ́ àwa tí a kò tíì pé ọdún 18? Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òfin yí padà lè dáhùn wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ náà lè dáhùn wọn. Ẹni tí ó bá dárúkọ bílíọ̀nù dọ́là fún mi kò tíì dáhùn ọ̀kankan. Ẹni tí ó bá ní igbó ń ya ènìyàn ní wèrè, tí ó sì jókòó, òun náà kò tíì dáhùn.

N ó wá padà sí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Gómìnà kò lè yí òfin yìí padà. Ààrẹ nìkan kò lè dá a yí padà. Àwọn aṣòfin ní Àbújá ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ń fi ọ̀rọ̀ Ṣówòrẹ́ àti ti Akérédolú ṣe àkọlé ńlá, ìyá kan tí kò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti gbé ìbéèrè náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tọ́, ní èdè tí ó yéni. Onórébù ni ó bi. Onórébù ló ní ọwọ́ tí ó lè dìde nínú ilé aṣòfin láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Òun ló sì fi àdúrà dá a lóhùn. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n a kò dìbò fún un láti lọ gbàdúrà.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ti padà sílé báyìí. Ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ̀ kò gbà á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ṣì ń san gbèsè alájẹṣẹ́kù. Bí àwọn olùdíje bá tún dé ní ọdún 2027, mo mọ̀ pé Ìyá Ẹlẹ́kọ yóò tún dìde, nítorí wọn kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rín ń lé jókòó. Lọ́jọ́ náà, n kò ní rẹ́rìn-ín. N ó dìde tì wọ́n.